Ẹnì Kan Dẹ́ṣẹ̀, Wọ́n Pe Orúkọ Gbogbo Ilé: Àwọn Sòmálì Lẹ́nu Olóṣèlú àti Oníròyìn

Àwọn Sòmálì jẹ́ ẹ̀yà kan ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ilẹ̀ ti yọ ṣóńṣó bọ́ sínú òkun bí ìwo ẹranko. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó pọ̀ jù láàárín wọn, kì í sì í ṣe orílẹ̀-èdè Sòmálíà nìkan ni a ti ń rí wọn, nítorí pé ààlà tí àwọn òyìnbó amúnisìn fà ló fi àwọn kan sí Jìbútì, tó fi àwọn kan sí Etiópíà, tó sì fi àwọn mìíràn sí Kẹ́ńyà, gẹ́gẹ́ bí irú ààlà bẹ́ẹ̀ ṣe pín àwọn Yorùbá sí Nàìjíríà, Benin àti Togo. Láti ọdún 1991, nígbà tí wọ́n lé Ààrẹ Siad Barre kúrò lórí oyè tí ìjọba àpapọ̀ sì fọ́ yángá, ogun abẹ́lé àti ìyàn ti fọ́n wọn ká, débi pé ẹni tó bá ń wá Sòmálì lónìí yóò rí i ní Nairobi, ní London, ní Toronto, ní Stockholm, yóò sì rí i lọ́pọ̀ yanturu ní Minneapolis, ìlú olótùútù nini ní àríwá Amẹ́ríkà. Ibi yòówù kí wọ́n dé, nǹkan méjì ló máa ń ṣáájú wọn débẹ̀: orúkọ wọn, àti ohun tí tẹlifíṣọ̀n ti sọ nípa orúkọ náà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àárín wọn ni àwọn olóṣèlú ti máa ń rí àyè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Ogúnléndé ni ẹni tó sá fún ogun tàbí inúnibíni, tí ìjọba ilẹ̀ mìíràn sì gbà sílé lábẹ́ òfin. Àtìpó ni ẹni tó wá ṣiṣẹ́ tàbí tó wá gbé, tí ilé rẹ̀ ṣì wà níbòmíràn. Ọmọ ìlú ni ẹni tí òfin kà sí ara àwọn onílẹ̀, yálà wọ́n bí i síbẹ̀ ni tàbí ó búra gba ìwé rẹ̀. Nǹkan bí 84,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Sòmálì ló wà ní agbègbè Minneapolis àti St. Paul tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀; nínú àwọn Sòmálì tó wà ní Minnesota, ìpínlẹ̀ tí ìlú méjèèjì wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà gan-an, 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè ló sì ti di ọmọ ìlú nípa òfin. Ẹni tó bá wá kó gbogbo wọn pọ̀, tó pè wọ́n ní ogúnléndé, ọmọ tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn ní Minneapolis ló ń pè ní àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn atukọ̀ Sòmálì ti ń gbé ní Cardiff, olú-ìlú Wales, ní àdúgbò etí omi tí wọ́n ń pè ní Tiger Bay, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Kẹta ọdún 1952, wọ́n gé obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́rùn pa ní àdúgbò náà, ọlọ́pàá sì mú Mahmood Hussein Mattan, atukọ̀ Sòmálì kan tó fẹ́ ọmọ Wales, tó sì ti bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbára lé jùlọ ti kọ́kọ́ júwe Sòmálì mìíràn fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbọ́ èyí. Nígbà tí ó kan agbẹjọ́rò Mattan láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ará ìlú méjìlá tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́, òun fúnra rẹ̀, ẹni tí ó yẹ kó gba ẹni rẹ̀ sílẹ̀, ló pè é ní ọmọdé inú igbó lápá kan, ẹhànnà tí ọ̀làjú kò tíì wọ̀ lára tán lápá kejì. Bí agbèjà ẹni bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni ó kù fún ẹni tó fẹ̀sùn kàn án láti sọ? Wọ́n so Mattan kọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Ọdún 1998 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó fagi lé ìdájọ́ náà, ọdún 2022 ni àwọn ọlọ́pàá South Wales sì tó tọrọ àforíjì. Yorùbá a máa sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ yìí lọ fún ọdún 46, ẹni tí wọ́n pa á mọ́ kò sì sí láyé mọ́ nígbà tí òtítọ́ dé.

Ní ti Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ rí nípa Sòmálíà lórí tẹlifíṣọ̀n ni ọmọdé tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà nínú ìyàn ọdún 1992. Ìkejì ni òkú sójà Amẹ́ríkà tí èrò ń wọ́ nílẹ̀ láàárín ìgboro Mogadishu ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, lẹ́yìn ìjà kan tí sójà Amẹ́ríkà 18 ti kú, tí àwọn Sòmálì tó kú nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Sinimá tí wọ́n fi ìjà náà ṣe ní ọdún 2001, *Black Hawk Down*, orílẹ̀-èdè Morocco ni wọ́n ti yà á, wọn kò sì fi Sòmálì kankan ṣe òṣèré pàtàkì nínú rẹ̀: ìlú wọn ni ìtàn náà, òkú wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó tún yá, àwọn ajalèlókun gba ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn, ìyẹn àwọn tó ń gbé ìbọn lọ dá ọkọ̀ ọlọ́jà lọ́nà lójú òkun tí wọ́n sì ń gba owó ìtúsílẹ̀. Ní ọdún 2013, Barkhad Abdi, ọmọ Sòmálì kan tó ti ń wa ọkọ̀ akérò aláfẹ́ ní Minneapolis, ṣe ajalèlókun nínú *Captain Phillips* débi pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar, ó sì gba ẹ̀bùn BAFTA nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn tí Hollywood ṣí fún un, ilẹ̀kùn olè ni.

Bí ọmọ Sòmálì kan bá wá tayọ níbi tí kò kan ìbọn, orúkọ náà a máa sọnù. Nígbà tí Mo Farah gba góòlù nínú eré ìje 10,000 mítà ní ìdíje Olímpíìkì London ní ọdún 2012, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni gbogbo ìwé ìròyìn pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí, kò sí ẹni tó lè jiyàn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ó tó sọ fún aráyé pé orúkọ tí gbogbo pápá ìṣeré fi ń kí òun, orúkọ ọmọ ẹlòmíràn ni, pé Hussein Abdi Kahin ni òun ń jẹ́, àti pé ṣe ni wọ́n fi orúkọ onítọ̀hún kó òun wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láti wá máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ìjọba ní àwọn kò ní bá a ṣẹjọ́ lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ka ohun tí àwọn ìwé ìròyìn kan máa ń kọ nípa àlejò tí kò gbé góòlù wálé, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì ní àbùkù, yóò mọ ìdí tí a fi ń dárúkọ ọ̀rọ̀ náà níbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lọ́jú pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ owó. Àwọn Sòmálì ní ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní *xawilaad* (x yìí jọ h tó ti inú ọ̀fun jáde). Ẹni tó wà ní Minneapolis yóò mú, ká ní, 200 dọ́là lọ bá aṣojú kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣojú yóò gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí owó ń lọ bá, yóò sì pe ẹnìkejì rẹ̀ ní Hargeisa tàbí Kismayo, ẹni tí yóò san owó náà láti inú àpò tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú tàbí ní ọjọ́ kejì, tí àwọn aṣojú méjèèjì yóò sì wá ṣe ìṣirò láàárín ara wọn tó bá yá. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló wà ní ipò báńkì. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn láti òkè òkun nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, tí ẹbí wọn ń gba náírà kí dọ́là tó kúrò lójú kan, mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní orílẹ̀-èdè tí báńkì ti wó lulẹ̀, ètò yìí ló ń gbé owó oúnjẹ, owó ilé ìwé àti owó oògùn wọlé, àpapọ̀ rẹ̀ sì ń ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, oṣù méjì lẹ́yìn ìkọlù New York, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ya wọ àwọn ọ́fíìsì al-Barakaat, ilé iṣẹ́ xawilaad tó tóbi jùlọ nígbà náà, ní Minneapolis àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n kó ìwé, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó, Ààrẹ Bush sì kéde fún aráyé pé àwọn tó ń gbọ́ bùkátà agbésùnmọ̀mí ni wọ́n. Kámẹ́rà ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù jáde. Nígbà tí ìjọba yọ orúkọ àwọn onísòwò Minneapolis kan kúrò nínú ìwé ẹ̀sùn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, àti nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù náà jábọ̀ ní ọdún 2004 pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó gbé ẹ̀sùn náà dúró, ariwo kò tó ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìròyìn ṣe máa ń rí: ẹ̀sùn a gun ẹṣin, ìdáláre a fẹsẹ̀ rìn.

Ṣùgbọ́n àwọn báńkì kò gbàgbé. Ìbẹ̀rù kí ìjọba má wá mú àwọn náà mú kí wọ́n máa ti àkáǹtì àwọn oníxawilaad pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òpin ọdún 2011, báńkì kan ní Minnesota tó ṣì ń gbà wọ́n jáwọ́, ní California náà, báńkì mìíràn tún jáwọ́ ní ọdún 2015. Bí báńkì kò bá gba owó, kí ni ẹni tó ní owó yóò ṣe? Wọ́n ń kó o sínú báàgì, wọ́n ń gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ń kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù fún àwọn aṣọ́bodè gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ju 10,000 dọ́là jáde, wọ́n sì ń wọkọ̀ lọ.

Àwọn báàgì yìí ni tẹlifíṣọ̀n kan ní Minneapolis rí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Ìròyìn rẹ̀ sọ pé nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là ló ń ti pápákọ̀ náà jáde lọ́dún nínú báàgì. Ó sì so ó pọ̀ mọ́ jìbìtì tí àwọn onílé jẹ́lé-ó-sinmi kan ń ṣe, ìyẹn àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń kọ orúkọ ọmọ tí kò wá sílẹ̀ kí wọ́n lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ó wá fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí apá kan owó náà máa dé ọwọ́ al-Shabaab, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó ń jagun ní Sòmálíà. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ni ìròyìn náà sín pọ̀ sórí okùn kan: báàgì, jìbìtì, agbésùnmọ̀mí. Ọ̀gá àyẹ̀wò owó tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tú okùn yìí wò fún oṣù díẹ̀, ó sì jábọ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Òótọ́ ni báàgì. Kíkó owó jáde bẹ́ẹ̀ kò lòdì sí òfin bí ẹni tó gbé e bá ti kéde rẹ̀. Òótọ́ ni jìbìtì, ó tilẹ̀ ní ó lè ju èyí tó ti hàn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí di ìgbà náà jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún sí mẹ́fà dọ́là, òun kò sì rí ẹ̀rí 100 mílíọ̀nù. Ní ti al-Shabaab, kò rí ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé owó jẹ́lé-ó-sinmi dé ọwọ́ wọn. Ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2001 ni wọ́n tún wá rí ní pápákọ̀ ní ọdún 2018, tí wọ́n sì pè ní ẹ̀rí.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí bo jìbìtì mọ́lẹ̀, nítorí pé èyí tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ́ ọmọ ilé ìwé tí ilé ìwé wọn wà ní títì. Ní Minnesota, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Feeding Our Future forúkọ àwọn ibi ìpínoúnjẹ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ lójúmọ́ níbi tí ọmọ kankan kò ti jẹun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba fẹ̀sùn kan ènìyàn 47, ó ní owó tó lọ ju 250 mílíọ̀nù dọ́là. Iye àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti lé ní 70 báyìí, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn sì jẹ́ ìran Sòmálì. Nínú ẹjọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan tilẹ̀ gbé báàgì tí nǹkan bí 120,000 dọ́là wà nínú rẹ̀ lọ sí ilé obìnrin kan tó wà lára àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́ náà, kó lè dá wọn láre. Obìnrin aláwọ̀ funfun, ọmọ Amẹ́ríkà, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tó sì ń darí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Síbẹ̀, a kò tíì rí àkọlé ìròyìn kan tó béèrè pé kí ni ó ń ṣe àwọn òyìnbó Minnesota.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó lọ jagun náà rí bákan náà. Láàárín ọdún 2007 sí 2009, nǹkan bí ogún ọ̀dọ́mọkùnrin fi Minnesota sílẹ̀ lọ dara pọ̀ mọ́ al-Shabaab, ní ọdún 2016 sì ni ilé ẹjọ́ fìyà jẹ àwọn mẹ́sàn-án mìíràn tó fẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ ISIS ní Síríà. Kì í ṣe irọ́, ó sì dun àwọn òbí wọn ju ẹnikẹ́ni lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ ìròyìn kò tẹnu mọ́ ni pé àwọn ẹbí gan-an ló kọ́kọ́ figbe ta pé a kò rí ọmọ wa mọ́, àti pé ní oṣù Kẹta ọdún 2009, arákùnrin òbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jókòó níwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ ní Washington, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tan ọmọ náà lọ.

Irú ilẹ̀ yìí, tí òtítọ́ àti àsọdùn ti dàpọ̀ bí ìyẹ̀fun àti yanrìn, ni Donald Trump dá oko sí. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìdìbò ọdún 2016, ó sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ Minneapolis, ó sì sọ fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pé ìyà tí ogúnléndé Sòmálì fi jẹ ìpínlẹ̀ wọn ti tó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, Sòmálíà wà lára orílẹ̀-èdè méje tó fòfin de àwọn ọmọ wọn láti má ṣe wọ Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ilhan Omar, ẹni tí wọ́n bí sí Mogadishu ní ọdún 1982, tó gbé ọdún mẹ́rin ní àgọ́ ogúnléndé ní Kẹ́ńyà, wọ ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, Trump rí ojú kan ṣoṣo tó lè fi dípò gbogbo wọn. Ní oṣù Keje ọdún náà, èrò tó wá gbọ́rọ̀ rẹ̀ ní North Carolina ń kọ ọ́ lórin pé kí wọ́n dá a padà, obìnrin tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà láti ọdún 2000. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Trump kéde pé òun fòpin sí ààbò onígbà díẹ̀ tí òfin fún àwọn Sòmálì ní Minnesota. Ààbò yìí ni ó ń jẹ́ kí ẹni tí ogun wà nílùú rẹ̀ máa gbé kó sì máa ṣiṣẹ́ títí ara yóò fi rọ̀. Ẹni tó gbọ́ ìkéde náà lè rò pé ẹgbàágbèje ènìyàn ló kàn. Iye gbogbo Sòmálì tó wà lábẹ́ ààbò yìí káàkiri Amẹ́ríkà nígbà náà kò ju 705 lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, níbi ìpàdé àwọn mínísítà rẹ̀, kámẹ́rà wà lójú rẹ̀, ó pe Omar àti àwọn tirẹ̀ ní pàǹtí, ó sì ní òun kò fẹ́ Sòmálì ní orílẹ̀-èdè òun.

Nígbà mìíràn, èdè gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ bí ẹni tẹ irin. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024, Omar bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Sòmálì ní Minneapolis lórí àdéhùn èbúté tí Etiópíà bá Somaliland ṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba Somaliland kan, ìyẹn apá tó fẹ́ dá dúró kúrò lára Sòmálíà tí ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ nínú, gbé fídíò rẹ̀ síta pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú kó dà bíi pé Omar ní Sòmálì ni òun kọ́kọ́ jẹ́, Mùsùlùmí ni ìkejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, gómìnà Florida ní kí wọ́n gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì lé e lọ. Aṣòfin kan láti Georgia kọ àbá láti bá a wí. Nígbà tí àwọn ògbufọ̀ tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni tẹ́tí sí i, wọ́n ní kò sí ipò kìíní tàbí ìkejì nínú ohun tó sọ. Ó kàn ní ènìyàn tó mọ̀ pé Sòmálì àti Mùsùlùmí ni àwọn ni àwọn. Ẹni tó bá mọ bí ohùn kan ṣoṣo ṣe ń sọ ọkọ́ di ọkọ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé fún un ohun tí ògbufọ̀ tó ń bínú lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹni.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń parí sí ẹnu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ọlọ́pàá mú àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Kansas tí wọ́n ń gbèrò láti ju bọ́ǹbù sí ilé alágbàálé kan tí àwọn Sòmálì tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ apẹran ń gbé ní Garden City. Aáyán ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn náà láàárín ara wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn mìíràn ju bọ́ǹbù sí mọ́sáláṣí Dar al-Farooq lẹ́bàá Minneapolis lásìkò àdúrà òwúrọ̀. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó pa ẹnikẹ́ni. Olùbádámọ̀ràn kan ní ilé ìjọba Amẹ́ríkà ṣì ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ó lè jẹ́ ẹ̀tàn ni, pé kí a dúró kí a mọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, olórí àwọn ológun àdáni kan láti Illinois ni, ó sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 53.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni èyí, kó wo Kẹ́ńyà. Àwọn Sòmálì ti wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà kí ó tó gba òmìnira ní ọdún 1963, síbẹ̀ ní ọdún 1989, ìjọba ní kí àwọn nìkan wá fi hàn pé ọmọ Kẹ́ńyà ni àwọn, ó sì fún àwọn tó bá yege ní káàdì aláwọ̀ píǹkì. Lẹ́yìn tí al-Shabaab pa ènìyàn 67 ní ilé ìtajà Westgate ní Nairobi ní ọdún 2013, ọlọ́pàá ya bo àdúgbò Eastleigh ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n kó nǹkan bí 4,000 ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn kan sí pápá ìṣeré Kasarani bí ẹni kó àgùntàn sí gàá. Àwọn ará àdúgbò náà sọ pé ATM ni ọlọ́pàá fi àwọn ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ tí owó fi ń jáde. Nígbà tí al-Shabaab pa ènìyàn 148 ní yunifásítì Garissa ní ọdún 2015, ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà tó kàwé òfin ní Nairobi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ baálẹ̀ lábẹ́ ìjọba. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjọba fi ní kí wọ́n kó àgọ́ ogúnléndé Dadaab kúrò. Ọmọ onílé ló ṣe é, àlejò ni wọ́n fẹ́ lé. Ilé ẹjọ́ gíga ló dá wọn dúró ní ọdún 2017.

Àwọn Yorùbá kò sì lè dúró lókèèrè wo eré yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àjòjì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó fi ọjà àti ilé sílẹ̀ padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà láti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an fún àwọn ará Gáná, pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà pé àwọn ló ń jalè, àwọn ló ń gba iṣẹ́ onílẹ̀. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, orúkọ tí a ń fẹnu pè lọ́jà láìronú. Nígbà tí sinimá *District 9* sì fi àwọn ọmọ Nàìjíríà hàn gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń jẹ ẹran ara, tí orúkọ olórí wọn jọ ti Obasanjo tó ti jẹ ààrẹ rí, Dora Akunyili tó jẹ́ mínísítà ìròyìn nígbà náà ní kí wọ́n má ṣe fi hàn mọ́. Inú bí gbogbo ènìyàn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pàǹtí, Amẹ́ríkà fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó dín ìwọlé àwọn ọmọ wọn kù, nínú ètò kan náà tí Sòmálíà ti wà.

Láàárín gbogbo èyí, àwọn Sòmálì kò dákẹ́. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tiwọn, wọ́n ń du ipò, wọ́n sì ń wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìlú St. Louis Park lẹ́bàá Minneapolis, tí Sòmálì kò pọ̀ rárá nínú rẹ̀, dìbò yan Nadia Mohamed gẹ́gẹ́ bí olórí ìlú. Ọdún 2019 ni oníròyìn kan tó jẹ́ ọmọ Sòmálì dá *Sahan Journal* sílẹ̀ ní Minnesota, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ nípa àwọn àjòjì àti aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Sahan ní èdè wọn ni aṣáájú tí àwọn darandaran máa ń rán lọ wo ibi tí koríko àti omi wà. Ẹni tó bá rò pé irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò bo àṣírí ará ilé kò tíì kà á. Ó wà lára àwọn tó kọ nípa jìbìtì oúnjẹ ọmọdé lọ́pọ̀ jùlọ, àwọn oníròyìn rẹ̀ sì ń jókòó sí ilé ẹjọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ènìyàn méje ló dúró fún ìdájọ́. Wọ́n dá márùn-ún lẹ́bi, wọ́n dá méjì láre, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì gbọ́ ìdájọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀.